Omijé Tí Mo Yá Mandla

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣì ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi ni Ayọ̀délé, ọmọ Iléṣà, ọkọ Nomsa, bàbá Ìbùkún. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ ni mo fi jókòó nínú yàrá tí kò ní fèrèsé ní Johannesburg, tí mò ń gé eré tẹlifíṣọ̀n. Àwọn òṣèré á ṣe tiwọn, kámẹ́rà á gbà á, wọ́n á wá kó gbogbo ẹ̀ fún èmi kí n gé e, kí n tò ó, kó di ìtàn. Iṣẹ́ náà dùn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín! Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni mo fẹ̀yìn tì, ara mi ò sì tíì gbà. Tí mo bá ń wo eré nílé, ìka mi á ṣì máa tẹ bọ́tìnnì tí kò sí níbẹ̀. Nomsa á ní, "Eish, Bàbá Ìbùkún, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, iṣẹ́ ti parí!" Èmi á ní kò tíì parí.

Ìbùkún ọmọ mi ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Eré kíkọ ló ń kọ́ ní yunifásítì ní Braamfontein. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó fajú ro, ó ju báàgì sílẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé olórí inú eré tó kọ ò dáa tó. Ọkùnrin burúkú ni, kò sì yí padà títí eré fi parí. Olùkọ́ ní àwọn òǹwòran ò ní lè fẹ́ràn rẹ̀, pé ó kéré tán kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà sunkún níparí. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yìí fi ń dá mi lóhùn láti kékeré, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ká a lára, Yorùbá ló máa ń bọ́ sí.

Ó ní, "Dádì, ṣé dandan ni kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Jókòó, ọmọ mi. Ìbéèrè yẹn ni mo dáhùn ní ìdáhùnkídàáhùn nígbà kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti obìnrin kan tí o mọ̀ dáadáa sínú wàhálà." Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń sọ fún yín yìí.

Bí mo ṣe dé ìlú yìí àti bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ ò gùn. Mo mọ kámẹ́rà díẹ̀ láti Èkó, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ilé iṣẹ́ kékeré kan, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan tí èèyàn ń sọ. Ẹni tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ló tó sọ!

Mma Dineo la máa ń pè é. Mma ni wọ́n fi ń pe àgbà obìnrin lọ́dọ̀ àwọn èèyàn tirẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, tó ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, tó fi okùn gbé awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó ní kí n máa wo téèpù, kí n máa kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ta ló ń wo ta, ìgbà wo ló ṣẹ́jú, ìgbà wo ló dánu dúró. Á pa ohùn, á ní kí n wo ojú òṣèré nìkan, á wá bi mí pé kí ni ẹni yìí ń rò. Tí mo bá ní, "Inú ń bí i," á ní, "Ìyẹn ò tó. Ta ló ń bí i nínú?" Tí mi ò bá mọ̀, mo tún un wò nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo wo ojú obìnrin kan ní ìgbà mẹ́tàdínlógún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún! Ìgbà kejìdínlógún ni mo tó rí i pé ojú ń ti obìnrin náà, pé kò bínú rárá. Mma Dineo ò yìn mí. Ó kàn ní kí n lọ po tíì.

Ẹ̀rọ méjì la fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀kan ń ka téèpù, èkejì ń gbà á sílẹ̀. Bí o bá ṣe àṣìṣe ní ìṣẹ́jú kejì, tó o ti gé e dé ogún ìṣẹ́jú kó o tó mọ̀, o máa tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìṣẹ́jú kejì ni. Ó ń jẹ́ kí èèyàn ronú kó tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ohun kan wà tí gbogbo wa tí a ń gé eré máa ń ṣe, tí òǹwòran kì í mọ̀. A máa ń yá ojú. Ká ní obìnrin kan nínú eré gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ṣubú, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò rí ojú rẹ̀ gbà dáadáa. A á lọ wá ibòmíì tí òṣèré yẹn ti ń wo ọ̀nà pẹ̀lú àníyàn, bóyá takisí ló ń dúró dè níbẹ̀, a á gé ojú yẹn, a á fi síbi tí ọmọ ti ṣubú. Ó máa ń wọ̀ ọ́ rẹ́gí! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ńṣe ni mo fò sókè lórí àga. Mma Dineo ní kí n jókòó. Ó ní, "Gbọ́ dáadáa. O lè yá ojú láti fi sọ ohun tí ẹni yẹn rò. O ò gbọ́dọ̀ yá ojú láti fi sọ ohun tí kò rò rí. Ọjọ́ tó o bá ṣe é, o ti pa irọ́ mọ́ ẹni tó ń wò ó nílé." Mo ní mo ti gbọ́. Etí lásán ni mo fi gbọ́ ọ.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni eré Mandla dé. Mandla ni olórí inú eré náà. Ó ní takisí bíi mẹ́wàá, ó ń wọ bàtà dídán, ó ń kí gbogbo àdúgbò tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ṣùgbọ́n tó bá ń jáde láàárọ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó rẹ̀ láti ìta, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Vusi lorúkọ òṣèré tó ṣe é, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń bu búrẹ́dì rẹ̀ fún gbogbo wa. Kí Vusi ti wọ bàtà dídán yẹn báyìí, àyà mi á já. Irú eré tó dùn ún gé nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí a ti ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan wà tí kì í jẹ́ kí eré Mandla fo òun. Ìyá Ṣadé ni. Ó ti kó kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Mayfair láti bí oṣù mẹ́jọ, òun àti Ṣadé tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Wọ́n ń bá arábìnrin kan nínú ìjọ gbé yàrá kan ní Yeoville. Gbogbo wa la mọ ohun tó lé e jáde. Tí ọkọ rẹ̀ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á ti ilẹ̀kùn mọ́ tìyá-tọmọ, á mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ní nítorí olè ni. Lọ́jọ́ kan iná sítóòfù ran kọ́tìnnì, aládùúgbò ló fi irin já ilẹ̀kùn tó fi yọ wọ́n. Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Ṣadé gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ní Sọ́ńdè tí a bá parí ìsìn ló máa ń dá mi dúró. "Bọ̀dá Ayọ̀, ta ló lọ sọ ìtàn mi fún yín? Ọkùnrin burúkú yẹn! Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀ tún tẹ ìyàwó ẹ̀ o!" Á máa bú Mandla, inú rẹ̀ á sì máa dùn. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín ni.

Àwọn ọ̀gá òkè níbi iṣẹ́ wá pe ìpàdé. Wọ́n ní Mandla ti burú jù. Wọ́n ní olórí eré gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí èèyàn lè fẹ́ràn, tàbí ẹni tí a máa rí i pé ó ń bọ̀ wá dáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á dá eré náà dúró, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Mma Dineo lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábúlé. Èmi nìkan ló kù nídìí ẹ̀rọ. Orí mi wú! Mo ní ìgbà tèmi dé.

Ìpín eré tó wà níwájú mi lọ́sẹ̀ yẹn ni èyí tí ìyàwó Mandla ti máa sá lọ. Láàárọ̀, Mandla yí kọ́kọ́rọ́, ó ń súfèé, ó juwọ́ sí aládùúgbò, "Shap, shap!" Ìyàwó rẹ̀ ń kanlẹ̀kùn látinú. Mo gé gbogbo ẹ̀ dànù. Nírọ̀lẹ́ ó délé, ó bá ilé lófìfo. Ńṣe ló pe ẹni tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ lórí fóònù pé kó wá fi ilẹ̀kùn irin tuntun síbẹ̀, èyí tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé obìnrin náà ń bọ̀ wá padà. Mo gé ìyẹn náà. Ó wá ku omijé, Vusi ò sì sunkún níbì kankan nínú gbogbo téèpù wa.

Mo wá a títí. Mo rí i! Ẹ̀gbẹ́ òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ni wọ́n ti ń yàwòrán lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, atẹ́gùn sì fẹ́ eruku wọ ojú Vusi. Olùdarí ti ní kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó mú kámẹ́rà ò tíì pa á. Vusi gbójú sókè, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó ń pariwo, "Omi o! Ẹ fún mi lómi!" Mo pa ohùn. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀, mo fi dùùrù sí i lábẹ́, mo gbé e síbi tó ti bá ilé lófìfo. Háà! Mandla ti ronú pìwà dà! Èmi fúnra mi sunkún nídìí ẹ̀rọ, èmi tí mo mọ̀ pé eruku ni.

Ó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, fóònù ilé iṣẹ́ ò sinmi. Àwọn ọ̀gá òkè sọ̀ kalẹ̀ wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní eré ò ní dúró mọ́. Mo ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọba.

Mma Dineo dé láti ibi ìsìnkú, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó bi mí pé, "Níbo lo ti rí omijé yẹn?" Mo fi téèpù hàn án, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo rò pé á yìn mí.

Ó ní, "Dìde lórí àga mi."

Inú bí mi. Mo ní, "Mma, gbogbo ayé ló ti fẹ́ràn ẹ̀ báyìí!"

Ó ní, "Ta ni wọ́n fẹ́ràn? Mandla àbí eruku?" Ó dá mi padà sídìí ìwé tí mò ń kọ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, èmi àgbàlagbà oníyàwó. Mo kùn títí di Sọ́ńdè.

Ní Sọ́ńdè yẹn, Ìyá Ṣadé pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Bọ̀dá Ayọ̀, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ bá mi yọ̀, mò ń padà sílé."

Mo ní, "Ilé wo?"

"Mayfair. Bàbá Ṣadé ti ń bẹ̀ mí tipẹ́, mi ò dá a lóhùn. Ó sunkún lórí fóònù, mo ní irọ́ ni. Ó ní òun ti kun ilé, òun ti fi ilẹ̀kùn tuntun síbẹ̀, mo ní kò kàn mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí Mandla tó ń sunkún lọ́jọ́ yẹn, Bọ̀dá Ayọ̀, mo sunkún tì í! Mo ní, bí irú Mandla bá lè yí padà, tèmi náà á yí padà. Lọ́jọ́rú ni wọ́n ń bọ̀ wá kó ẹrù wa."

Ṣadé di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó ń gbé bàtà rẹ̀ kéékèèké lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá Ṣadé, kò sunkún o. Eruku ló kó sí i lójú. Èmi ni mo fi síbẹ̀."

Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ fún mi. Ojú mi ni mo fi rí i."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo búra, kò gbà. Ta ni kò mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè yọ ọ́ mọ́? Nígbà tó yá mo ní kó wá síbi iṣẹ́ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó wá fojú rí ohun tí ojú rẹ̀ ò rí. Ẹ wò ó, a ò gbọ́dọ̀ fi téèpù tí a ò tíì lò han ẹni ìta. Wọ́n lè lé èèyàn síta fún un lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì mú un wọlé lákòókò tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán.

Mo gbé téèpù síbẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Vusi gbójú sókè, omi ń dà lójú rẹ̀. "Omi o! Ẹ fún mi lómi!" Ẹnì kan sáré gbé ike omi dé, Vusi bọ́jú, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní eruku ìlú yìí ń wá ẹ̀mí òun.

Ìyá Ṣadé náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Kí ló wá ṣe gan-an nígbà tó délé tí kò bá ìyàwó ẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí. Mma Dineo! Ó wo obìnrin náà, ó wo téèpù, ó wò mí. Mo ní, "Mma, òǹwòran ni." Mo ti ń ronú ibi tí mo máa gbà jáde. Mma Dineo fa àga tirẹ̀, èyí tó ti ní kí n dìde lórí rẹ̀, ó tì í sẹ́yìn Ìyá Ṣadé. Ó ní, "Jókòó, àbúrò mi." Ó wá ní kí n fi hàn án.

Mo fi àárọ̀ hàn án, kọ́kọ́rọ́, ìfèé tó ń sú, "Shap, shap." Ọwọ́ Ìyá Ṣadé lọ sí àyà rẹ̀. Ó ní, "Bó ṣe máa ń kí wọn nìyẹn! Ó máa ń kí wọn bẹ́ẹ̀ gan-an!" Mo fi ìrọ̀lẹ́ hàn án. Mandla gbé fóònù sétí, ó jókòó tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, ó ní kí oníkọ́kọ́rọ́ wá fi ilẹ̀kùn irin tuntun síbẹ̀, obìnrin yẹn ń bọ̀ wá padà.

Ohùn Ìyá Ṣadé kéré.

"Bọ̀dá Ayọ̀. Ilẹ̀kùn tuntun."

Mi ò lè wojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí mo mọ̀ nìyí. Kí lẹ wá gé e kúrò fún?"

Mo ní, "Wọ́n ní kí èèyàn lè fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Ó ní, "Èmi ti fẹ́ràn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń wá." Ó yọ fóònù látinú báàgì, ó pe ẹni tó ni ọkọ̀ akẹ́rù, ó ní kó má wulẹ̀ wá mọ́ lọ́jọ́rú.

Mma Dineo gòkè lọ bá àwọn ọ̀gá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ gbogbo ohun tó sọ, ṣùgbọ́n a gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀! Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ni pé ìpín tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ níbi tí omijé parí sí, Mandla á nu ojú, á gbé fóònù, á pe oníkọ́kọ́rọ́. Ó gbà kí wọ́n lé òun bí àwọn òǹwòran bá sá. Èmi ni ó ní kí n gé e.

Ẹ̀yin èèyàn, lọ́jọ́ tó jáde! Mo wà ní ojú pópó Rockey, mo ń ti ẹnu ilé oúnjẹ kan kọjá tí tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀. Mandla nu omijé, wọ́n ń káàánú rẹ̀. Ó gbé fóònù. "Ilẹ̀kùn irin..." Gbogbo ilé dìde! "Haibo!" Obìnrin kan ju ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ń bú u ní Súlú, wọ́n ń bú u ní Faransé, ọmọ Ìbàdàn kan ń ṣépè fún un láti ẹ̀yìn kántà, kò sì sẹ́ni tó jáde. Àwọn tó wà níta gan-an ń wọlé ni. Wọ́n kórìíra rẹ̀ dé eegun, wọ́n sì dúró tì í títí eré náà fi parí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ máa bọ́. Mo dúró lójú pópó, mò ń pariwo bí ọmọdé.

Kọ̀ǹpútà dé lẹ́yìn ìyẹn, téèpù dohun ìgbàgbé. Àṣìṣe tó ń gbà wá ní ọjọ́ kan tẹ́lẹ̀, bọ́tìnnì kan ń dá a padà. Mma Dineo kọ́ ọ lágbà, ó bú u lójoojúmọ́, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lónìí, kọ̀ǹpútà lè fi omijé sójú ẹni tí kò sunkún rí, eruku ò tún sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kọ́ ọ, ẹ̀yin ọmọ. Ó dùn ún lò! Àmọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè Mma Dineo, pé níbo lẹ ti rí i.

Mi ò sọ pé kí ẹni burúkú má yí padà nínú eré o. Tó bá máa yí padà, kó yí padà níṣojú wa, kó sì ni ín lára. Mo ti gé irú ẹ̀ rí, mo sì gbádùn rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká má yá a ní ohun tí kò ní.

Oṣù keje tó kọjá yìí ni mo mú Ìbùkún lọ jẹun lọ́dọ̀ Ìyá Ṣadé. Ó ti pẹ́ tó ti ní ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní Rockey, Ṣadé ti di nọ́ọ̀sì. Òtútù ń mú gan-an, Ìbùkún fi kóòtù bora, ó ń ka eré tó kọ sí wa létí. Nígbà tó dé ìparí, ó ní, "Àǹtí, olùkọ́ mi ní kó sunkún níbí yìí. Ṣé kí n fi sí i?"

Ìyá Ṣadé ń bu ìrẹsì sáwo. Ó ní, "Ṣé ó sunkún?"

Ìbùkún ní, "Rárá, Àǹtí. Kò lè sunkún, irú ẹ̀ kọ́."

Ìyá Ṣadé ò tíì fèsì tí oníbàárà kan fi dìde nídìí tábìlì, tó ń fọwọ́ gbára. "Ìyá, òtútù ò níí pa wá báyìí? Ẹ jẹ́ n ti ilẹ̀kùn yìí."

Ó yíjú sí i kíákíá. "Fi sílẹ̀. A kì í tì í níbí." Ó bu ọbẹ̀ sórí ìrẹsì, ó gbé e fún un, ó rẹ́rìn-ín sí i. "Màá bu kún ẹran ẹ, jókòó."

Ìbùkún wo ilẹ̀kùn náà tó ṣí gbayawu, ó wo Ìyá Ṣadé, ó wò mí. Ó mú bírò, ó fi ìlà pa ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ́, ó sì ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ lọ nínú òtútù.